Ọmọ Tí Mo Ní Ó Ti Lọ sí Kùmásí

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí kò mọ̀ mí, ìdí nìyẹn tí mo fi lè sọ ọ́. Ó ti pẹ́ nínú mi. N kò sọ ọ́ fún àlùfáà, n kò sọ ọ́ fún ìyá mi títí wọ́n fi kú. Mo ń dá gbé ní Ẹdẹ níbí. Gbogbo ọ̀nà ni wọ́n ti ń kí mi ní "Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́", ṣùgbọ́n bí mo bá wọlé tán, kò sí ẹni tí yóò bi mí pé kí ló dé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Ajé tó kọjá ló ní kí n sọ̀rọ̀.

Nígbà tí ìwé ọ̀fẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ọmọ kún kíláàsì dé ẹnu ọ̀nà. Èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ẹnu iṣẹ́ ni. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n fi kọ́ mi ní ìṣirò: to ẹyọ sábẹ́ ẹyọ, to ẹ̀wá sábẹ́ ẹ̀wá. Ọmọ tó bá gba ọ̀nà mìíràn, pàṣán ni.

Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀, Àmínà, ọmọ àgbẹ̀. Kì í kọ nǹkan kan sílẹ̀. Mo ní kí wọ́n ro mẹ́tàlélógún pọ̀ mọ́ mọ́kàndínlógún. Kí àwọn yòókù tó fa ìlà, ó ti ní méjìlélógójì ni. Mo bi í pé báwo. Ó ní, "Mo fi ogún kún un, ó di mẹ́tàlélógójì. Mo wá yọ ọ̀kan tó lé."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó. Bí àwọn bàbá wa ṣe ń kà á náà nìyẹn: mọ́kàndínlógún, ogún tó dín ọ̀kan. Ṣùgbọ́n mo ní síléètì ẹlòmíràn ló ń wò, mo nà án. Ó tún ṣe é, mo tún nà án. Kí n má parọ́ mọ́: inú ń bí mi pé ó yára jù mí lọ. Nígbà tó yá, kò dáhùn ohunkóhun mọ́.

Bàbá rẹ̀ wá láti Alájùé, abúlé wọn. Wọ́n ní, "Tíṣà, bí orí ẹ̀ ò bá gbà á, ẹ sọ fún mi, n ò ní í bínú. Iṣẹ́ ń bẹ lóko."

Mo ní, "Bàbá, olódo ni. Ẹ máa mú un lọ." Wọ́n mú un lọ.

Kò pẹ́ sí i ni alábẹ̀wò ilé ìwé kan pe àwa tíṣà jọ. Ó ní àwọn tó ń wádìí bí ọmọdé ṣe ń mọ ìṣirò ti rí i pé àkàsọ̀ ni ọmọ ń gùn. Á kọ́kọ́ máa kà á lọ́kọ̀ọ̀kan, á wá máa kó o pọ̀, lẹ́yìn náà ni yóò mọ bí a ṣe ń sá lọ sí iye tó rọrùn ká tó yọ èyí tó lé. Ó ní kí tíṣà kọ́kọ́ mọ ibi tí ọmọ dúró sí, kó má sì fa ẹni tó ti gòkè wálẹ̀. Ó bèèrè bóyá a ti rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí.

Mo nawọ́. Mo sọ gbogbo bí Àmínà ṣe ń ṣe é, bí ẹni pé èmi ni mo tọ́ ọ dé ibẹ̀. Inú alábẹ̀wò dùn. Ó ní kí n mú un wá, òun yóò rí i pé ó kàwé dé ibi tí orí rẹ̀ bá gbé e dé. Ẹ̀rù bà mí pé Àmínà yóò sọ ọ̀rọ̀ pàṣán fún un. Mo ní ìyá rẹ̀ ti mú un lọ sí Kùmásí.

Alájùé kò sì jìnnà. Mo ní kẹ̀kẹ́. N kò lọ.

Wọ́n ń rán mi lọ sí Awó àti Sẹ́kọ̀nà láti fi ọ̀nà Àmínà han àwọn tíṣà mìíràn, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún mi. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n wá bá òun jẹun, n kì í lọ, kí ọ̀rọ̀ má baà yọ lẹ́nu mi. Àfọwọ́fà ni ìdáwà mi, ẹ jọ̀ọ́, n kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

Lọ́jọ́ Ajé yẹn, ọ̀dọ́bìnrin kan mú àbúrò rẹ̀ wá sílé ìwé. Àmínà ni. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣe sùúrù fún un. Kò lórí ìwé, bíi tèmi náà ni. Kì í kọ nǹkan sílẹ̀, ó kàn máa ń dédé sọ ọ́ ni."

Láti ọjọ́ yìí wá, ó ṣì gbà mí gbọ́ pé olódo ni òun. Mo ní, "Mo ti gbọ́." Ó dúpẹ́, ó lọ.

Ọmọ náà ń bẹ níwájú mi báyìí, ọwọ́ mi ló ń wò kó tó dáhùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin tíṣà ẹgbẹ́ mi, ṣé kí n lọ bá Àmínà, kí n sọ fún un pé kò fìgbà kan jẹ́ olódo, nígbà tí ọjọ́ ìwé ti kọjá lórí rẹ̀? Àbí ìyẹn á tún dùn ún ju pàṣán lọ? Ẹ sọ fún mi. Mo ti gbé kẹ̀kẹ́ síta láàárọ̀ yìí, mo sì tún gbé e wọlé.