Èmi Ni Mo Da Ike Kékeré Mọ́ Ńlá

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ sún mọ́ mi. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún mi, mo tún lajú sáyé, mi ò sì lè gbé ọ̀rọ̀ yìí mì mọ́. Kì í ṣe Onígbàjámọ̀, ọ̀rẹ́ bàbá yín, ló ba ọtí ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n yín jẹ́. Èmi ni.

Ẹ mọ̀ pé òun àti bàbá yín ló jọ máa ń pọn bíà nínú yàrá ẹ̀yìn wa, kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀ kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, òmíràn wà nílé. Òun ló máa ń yan ike tí wọ́n ń da ọtí sí. Ó ní tí ike bá tóbi jù, afẹ́fẹ́ orí ọtí á ba adùn rẹ̀ jẹ́. Tó bá sì kéré jù, ìfòfó ò ní ríbi gbà. Ìdí nìyẹn tó fi pín ọtí ọ̀hún sínú ike ńlá kan àti kékeré kan, tó fi àyè sílẹ̀ lókè méjèèjì. Àmọ́ èmi ni mo ra ike kékeré yẹn, aṣọ ni mo fẹ́ máa fi fọ̀. Wọ́n mú un láì bi mí, inú sì bí mi burúkú. Bí wọ́n ṣe jáde báyìí, mo da ọtí kékeré sínú ńlá, ó kún dé ẹnu, mo sì dé e pa. Mo ní ṣebí ọtí kan náà ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n èmi!

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ọtí ń hó, ìfòfó dí rọ́bà tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde. Ìdérí fò lọ bá àjà, gbogbo ọtí dà sílẹ̀. Bàbá yín béèrè ẹni tó da méjèèjì pọ̀, ẹnu mi sì yá ju ọpọlọ mi lọ: mo ní Onígbàjámọ̀ ni. Wọ́n ránṣẹ́ pè é. Ó wò mí lójú.

“Ìyàwó wa, ṣé èmi ni?”

Mo ní, “Ẹ̀yin ni.”

Kò bá mi jiyàn. Ó fi kọ́kọ́rọ́ lélẹ̀, ó lọ, kò sì wá síbi ìgbéyàwó. Láti ìgbà náà ni bàbá yín ò ti pọn nǹkan kan mọ́.

Lánàá ni mo ní kí wọ́n pe àwọn méjèèjì wá síbi ibùsùn mi. Mo jẹ́wọ́, mo sì sunkún. Onígbàjámọ̀ kàn mi orí, ó ní:

“Látìgbà tí o ti sọ pé èmi ni, mo ti mọ̀ pé ìwọ ni. Tí mo bá pè ọ́ ní elékèé lójú ọkọ rẹ, ilé á dàrú. Èmi, ọ̀rẹ́ lásán ni mí.”

Bàbá yín fa àga, ó jókòó ti Onígbàjámọ̀. Nígbà tó yá, mo gbọ́ tí wọ́n ń jiyàn lórí ike tó yẹ kí wọ́n rà. Ọkàn mi fúyẹ́, mo sì sùn bí ọmọ tuntun. Ẹ dárí jì mí. Tí ẹ bá ṣe àṣìṣe, ẹ tètè sọ ọ́, kí ẹni ẹlẹ́ni má baà pàdánù ọ̀rẹ́ rẹ̀ torí yín.