Mọ́tò Oníjíà Tí Mo Yàn fún Ìyàwó Mi

Ẹ̀yin òǹkàwé, láti ọjọ́ tí a ti sin ìyàwó mi ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn. Ǹ bá ti gbé e mì, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, Bọ́lá ọmọbìnrin mi kúnlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń bẹ Ọlọ́run pé kó dárí ji ìyá òun tó fi orí kunkun pa ara rẹ̀, tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí mọ́ ara rẹ̀. Mi ò lè ṣe Àmín.

Irọ́ tí mo pa fún un ló fi ń gbàdúrà.

Nígbà tí a fẹ́ ra mọ́tò, ìyàwó mi ti mọ ọkọ̀ wà díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tó ń gbé ní Agbowó ló kọ́ ọ, ṣùgbọ́n ọtọmátíìkì ni tiwọn, kò fọwọ́ kan jíà rí. Ní Challenge, ẹni tó ń ta tòkunbọ̀ fi mọ́tò kékeré méjì hàn mí, irú èyí tí ìdí wọn gé, tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ń ṣí sókè. Ọ̀kan jẹ́ ọtọmátíìkì, ìkejì jẹ́ oníjíà. Ọ̀rẹ́ mi tó bá mi lọ bú sẹ́rìn-ín.

"Bàbá Bọ́lá, tó o bá ra ọtọmátíìkì yìí, màdáámù ni yóò máa gbé ẹ kiri bí ẹrù. Wọn á ní ọkọ dẹ́rẹ́bà ń bọ̀!"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi yé, ọ̀rọ̀ yẹn ta mí. Oníjíà ni mo mú. Mo sọ fún ìyàwó mi pé wọ́n ti ta ọtọmátíìkì. Ó ní kí n kọ́ òun. Mo kọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, mo jágbe mọ́ ọn títí ó fi sunkún, mi ò sì kọ́ ọ mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ikọ́ fée mú mi nílé wa ní Dùgbẹ̀. Mi ò lè mí. Ìyàwó mi fẹ́ sáré lọ pe takisí. Èmi ni mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, tí mo ní kó fi mọ́tò wa gbé mi lọ sí ọsibítù.

Ó ní, "Bàbá Bọ́lá, mi ò mọ jíà yìí o. Ẹ̀yin náà mọ̀."

Mo fi kọ́kọ́rọ́ sí i lọ́wọ́.

Lórí òkè Mókọ́lá, àwọn mọ́tò iwájú dúró, àwa náà dúró. Nígbà tí wọ́n tún gbéra, tiwa kú. Ó ṣíná sí i, ó tún kú. La bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí lọ sẹ́yìn. Ó ń pariwo, "Kí ni kí n tẹ̀? Ẹ sọ fún mi, kí ni kí n tẹ̀?" Mi ò ní èémí tí mo lè fi dáhùn. Mọ́tò náà ya bọ́ sọ́nà àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀, lọ́rì kan sì gbá ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀.

Ó kú. Mo yè.

Nígbà tí àwọn ẹbí ìyàwó mi àti Bọ́lá bi mí bó ṣe ṣẹlẹ̀, ẹ̀rù bà mí. Mo ní mo kìlọ̀ fún un, pé ńṣe ló já kọ́kọ́rọ́ gbà. Wọ́n gbà mí gbọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó jù mí lọ lọ́jọ́ orí, dọ̀bálẹ̀ fún mi, ó ní kí n forí ji àbúrò òun. Mo ní mo ti dárí jì í.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bọ́lá nìkan ló kù fún mi láyé. Tí mo bá jẹ́wọ́ fún un, bóyá kò ní pè mí ní bàbá mọ́. Tí mo bá dákẹ́, ìyá rẹ̀ ni yóò máa dá lẹ́bi títí. Ta ni kí n kọ́kọ́ lọ bá: ọmọ mi ni, àbí ọkùnrin tó dọ̀bálẹ̀ fún mi?