Iyọ̀ Tó Kún Inú Gbòǹgbò

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ti ilẹ̀kùn yẹn, kí ẹ sì kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Dókítà ní ọjọ́ mi ò pọ̀ mọ́, mi ò sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí bá mi wọlẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé gbòǹgbò ọ̀gbìn ni mo fi gbogbo ayé mi yẹ̀ wò. Abẹ́rẹ́ gíláàsì tó tín-ín-rín ju irun orí lọ la fi ń gún sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, ẹ̀rọ á wá sọ iye iyọ̀ tó wà nínú rẹ̀. Wọ́n gbé àgbàdo tuntun kan wá fún àwọn tí ilẹ̀ wọn níyọ̀, wọ́n ní iyọ̀ kò ní lè wọ inú gbòǹgbò rẹ̀, kí n wọ̀n ọ́n wò. Ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n nígbà náà. Abẹ́rẹ́ ń kán ṣáá, ojú ń tì mí láti sọ. Ni mo bá ń ti inú orí mi kọ iye kékeré tí wọ́n ń retí sílẹ̀. Èmi tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Abẹ́rẹ́!

Obìnrin tá a jọ ń ṣiṣẹ́, Àbúrò ni mo máa ń pè é, fúnra rẹ̀ tún un wọ̀n. Kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni tó fi wá bá mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, iyọ̀ kún inú gbòǹgbò yìí. Bóyá ẹ̀rọ yín ló ṣìnà. Ẹ jẹ́ ká jọ tún un wọ̀n." Ó ń bò mí láṣìírí, ẹ gbọ́. Mo ní kò burú, ó dọ̀la. Nígbà tó lọ jẹun ọ̀sán, mo gbé ìgò omi oníyọ̀ tó fi ń yẹ ẹ̀rọ tirẹ̀ wò, mo fi omi lásán là á. Mo wá lọ sọ fún ọ̀gá wa pé kó yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Wọ́n rí i pé iyọ̀ inú omi náà kò tó bó ṣe yẹ, wọ́n ní òun ló jẹ́ kí ẹ̀rọ rẹ̀ máa ka iyọ̀ kékeré sí púpọ̀. Wọ́n lé e. Ó wojú mi bó ṣe ń kó ẹrù rẹ̀. Gíláàsì ni mo ń nù, ìkà tí mo jẹ́.

Wọ́n pín irúgbìn náà. Oko ogójì ìdílé ló gbẹ. Bàbá àgbẹ̀ kan fa tirẹ̀ tu, ó gbé e wá bá wa, ó ní kí á ṣáà sọ ibi tí òun ti ṣì í ṣe. Mo sọ fún un pé kò bomi rin ín tó ni.

Lánàá, ìyá yín bá mi pe Àbúrò lórí fóònù. Mo jẹ́wọ́ fún un. Ó ní, "Ìyá mi ti kú. Ó kú, ó gbà pé iṣẹ́ jákujàku lọmọ òun ṣe." Ó pa fóònù.

Ẹ gbé ìwé yìí lọ síbi iṣẹ́ náà, ẹ kà á sétí gbogbo wọn, ẹ má fi orúkọ mi pamọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ bá mi lọ kúnlẹ̀ fún Àbúrò. Bó bá lé yín, ẹ tún padà lọ.