Wọ́n Ní Tanwíjí Ni Ọmọ Ẹja Mi

Ẹ máa fá orí oníbàárà yín lọ, Bàbá Onígbàjámọ̀, ẹ má torí mi dáwọ́ dúró, etí yín nìkan ni mo wá yá. Ẹ wo ike yìí. Ẹ wò ó dáadáa! Ó ń dán, àbí? Ó mọ́ tónítóní bí abọ́ ìyàwó tuntun. Ọmọ ẹja mọ́kàndínlógún ló wà nínú ẹ̀ títí di àná, Ọlọ́run ń gbọ́ mi, mọ́kàndínlógún! Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi da gbogbo ẹ̀ sí ihò omi ilé ìwẹ̀, wọ́n fọṣẹ fọ ike, wọ́n dojú ẹ̀ dé kó gbẹ, wọ́n wá ń retí kí n kí àwọn kú iṣẹ́.

Wọ́n ní tanwíjí ni!

Tanwíjí kẹ̀? Èmi tí mo ti ń bá wọn jí láti ọjọ́ mọ́kànlá! Ẹ̀yin náà lẹ fún mi ní ìyá wọn nínú ẹja tí ẹ ń sìn, ẹ ní irú ẹja yìí kì í yé ẹyin, ààyè ọmọ ló ń bí, ẹ ní bí ikùn ẹ̀ bá ti tóbi kí n yà á sọ́tọ̀, torí bó bá bí wọn tán, òun náà ló máa yíjú padà máa gbé wọn mì. Mo ṣe é. Ó bímọ tán, mo dá ìyá padà sínú àpótí onígíláàsì, mo gbé àwọn ọmọ sójú fèrèsé nínú ike, mo wá koríko omi tí wọ́n á máa sá sí. Pupa ẹyin sísè, mo fi aṣọ sẹ́ ẹ, ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́, ìwọ̀nba tí ṣóńṣó abẹ́rẹ́ lè gbé. Bó bá pọ̀ jù, omi á bàjẹ́. Bó bá kéré jù, ebi á pa wọ́n. Omi ẹ̀rọ gan-an, ó gbọ́dọ̀ sùn mọ́jú nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì kí n tó bù ú sí i. Ìkókó tí mo fi inú mi bí, mi ò ṣe tó báyìí lórí ẹ̀!

Ṣé torí ẹja ni mo ṣe ń ké ni? Ẹ̀yin kúkú mọ̀.

Oṣù mẹ́jọ tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú ọkọ mi, ọ̀rọ̀ kan ò jáde lẹ́nu ẹ̀. Ọkùnrin tó jẹ́ pé bó bá ń kọ́ni ní kíláàsì, ojúlé kẹta ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ! Mò ń wẹ̀ ẹ́, mò ń fi ṣíbí bọ́ ọ, mò ń yí i sọ́tùn-ún yí i sósì, ògiri ló ń wò. Àfìgbà tí ẹja yìí bímọ. Mo gbé àga ẹ̀ sẹ́bàá fèrèsé, ó rí wọn, ó na ìka ọwọ́ òsì, ó ń tọ́ka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń pe orúkọ ọmọ ilé-ìwé. Láti ọjọ́ yẹn, ilẹ̀ kì í mọ́ kó má na ìka sí fèrèsé. Mo ní Olúwa, èyí náà tó mi.

Ni Àǹtí Afínjú bá dé! Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, bí wọ́n bá wọlé èèyàn, kí wọ́n tó kí ẹ, wọ́n á ti fìka nu orí tẹlifíṣọ̀n wò. Mo yà lọ gba oògùn ọkọ mi, mi ò lò tó wákàtí kan. Kí n padà dé, ike ti gbẹ! Wọ́n ní omi ọ̀hún ti ń sọ àwọ̀ ewé, kòkòrò ń jà nínú ẹ̀, ṣé mo fẹ́ kí ẹ̀fọn pa àbúrò àwọn ni? Wọ́n tún bá mi wí lé e!

Rárá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé wọn ò mọ̀ọ́mọ̀. Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn! Bó bá jẹ́ ọ̀tá ló ṣe é, ǹ bá bú u, ara mi á sì fúyẹ́. Ta ní ń bú ẹni tó wá bá a túnlé ṣe? Ó ti rẹ̀ mí, Bàbá. Ó rẹ̀ mí wọ egungun. Gbogbo ẹni tó bá yà sílé wa, “Ara ọkọ yín ńkọ́?” Ẹnì kan ò bi mí rí pé, “Ìwọ náà ńkọ́?”

Àmọ́ lánàá, mo pariwo! Mo di ike yìí mú, mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni mo fi ṣe yín? Ẹ ti pa mí!” Láti ọdún mọ́kànlélógún tí mo ti wọlé wọn, mi ò gbóhùn sókè sí wọn rí. Ojú wọn rẹ̀ wẹ̀sì. Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ nǹkan lẹ́yìn mi, ohùn tó wúwo, bí ìgbà tí wọ́n bá ń wọ́ àpótí nílẹ̀.

“Má... pariwo... mọ́ ẹ̀gbọ́n mi.”

Ẹ rọra o, ẹ má lọ gé ọkùnrin yẹn létí! Bẹ́ẹ̀ ni, ọkọ mi ni! Ẹnu ẹ̀ ló ti jáde! Oṣù mẹ́jọ gbáko, ọwọ́ tí mo fi ń wẹ̀ ẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bó, kò sọ pé “o ṣé.” Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó máa sọ, èmi ló fi bá wí! Tìtorí ẹ̀gbọ́n ẹ̀! Ẹ̀yin ẹ ti gbọ́ irú ẹ̀ rí? Àwa obìnrin méjèèjì bá dì mọ́ra wa, à ń sunkún bí ọmọ ọwọ́, òun náà jókòó síbẹ̀, ó ń wò wá bí ẹni tí ọ̀rọ̀ wa sú.

Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ń pa èmi náà. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi mú ọ̀kan tó lóyún nínú tiyín, kẹ́ ẹ sì ṣe kíá. Mo fi àwọn méjèèjì sílẹ̀ nílé, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, wọ́n ń wojú ara wọn. Bí ọkọ mi bá lọ sọ ọ̀rọ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì lẹ́yìn mi, mo fi Ọlọ́run búra, kò sẹ́ni tó máa jẹun nínú ilé yẹn lónìí!