Ìpè Tí Mi Ò Jẹ́ Kó Dé Abúlé Orógbó

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ojú ewé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá orúkọ mi. Àwọn orúkọ tí mo máa dá níbí kì í ṣe orúkọ tí wọ́n sọ wọ́n. Ìkòtún ni mò ń gbé. Ilé ọkọ ni mo wà, mo sì ti bímọ. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni láti ìgbà tí owó náírà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Mo rò pé bó bá pẹ́, á fúyẹ́. Kò fúyẹ́.

Ìdí tí mo fi ń sọ̀rọ̀ báyìí ni pé ọ̀rọ̀ náà ti fẹ́ ya ọmọkùnrin kan àti ọmọbìnrin kan tí wọ́n fẹ́ràn ara wọn, tí wọn ò sì mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Tó bá jẹ́ èmi nìkan ló ń dùn, bóyá ǹ bá gbé e lọ sí sàréè.

Nígbà náà, oko ẹ̀gẹ́ àti igi obì ló pọ̀ jù ní agbègbè wa. Èèyàn lè rìn láti Ìkòtún dé Ìgàndó kó má rí ju ilé mélòó kan lọ. Ṣùgbọ́n owó epo rọ̀bì ti ń wọlé. Rédíò kì í sọ nǹkan míì ju títì, ilé ìwòsàn àti iná mànàmáná lọ. Ìjọba ìbílẹ̀ wá ní àwọn fẹ́ ya àwòrán bí agbègbè wa ṣe máa dàgbà títí àwọn ọmọ wa fi máa di ìyá àti bàbá ọmọ. Wọ́n ní àwọn ò ní dá a yà ní ọ́fíìsì. Wọ́n ní kí gbogbo abúlé wá, kí wọ́n wá sọ ibi tí wọ́n fẹ́ kí títì gbà, ibi tí ọjà máa wà, àti ohun tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn.

Bàbá Dáúdà ni akéde wa. Àgbàlagbà ni, ẹni jẹ́jẹ́, ẹnu ẹ̀ ni gbogbo wa ti ń gbọ́ ohunkóhun tí ìlú bá fẹ́ sọ. Òun ni wọ́n ní kó pe gbogbo abúlé. Ṣùgbọ́n orúnkún ń yọ ọ́ lẹ́nu lọ́dún náà. Ó wá bá mi, torí pé èmi ni mò ń kọ́ àwọn obìnrin ní ìwé kíkà ní ìrọ̀lẹ́, àwọn èèyàn sì máa ń fetí sí mi.

Ó ní, "Ìyá Kúdí, ẹsẹ̀ mi ò lè gba inú irà yẹn kọjá. Bá mi dé Abúlé Orógbó. Sọ fún wọn pé ọjọ́ Ẹtì ni, lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀, ní ọgbà ilé ìwé."

Mo ní, "Ẹ má ṣèyọnu, Bàbá. Màá lọ."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ohun tó wà nínú mi lọ́jọ́ yẹn. Mi ò fi ṣe àwáwí. Ọkọ mi, Làmídì, bíríkìlà ni. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Ilé kíkọ́ pọ̀ nígbà náà débi pé ó lè lo ọ̀sẹ̀ méjì ní Apápá kó tó wálé. Nínú oṣù yẹn gan-an ni obìnrin kan tó ń ta gààrí sọ fún mi, pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu, pé ọkọ mi ti so yìgì pẹ̀lú ọmọ kan ní Orógbó, àti pé ọmọ náà ti lóyún. Àwáwù lorúkọ ẹ̀. Ọmọ Bàbá Ọlọ́bì ni, baba tó jẹ́ olórí abúlé náà. Ọkọ mi ò sọ fún mi. Gbogbo èèyàn ló mọ̀ kí n tó mọ̀.

Mo ṣáà lọ. Mo rìn dé ibi afárá pákó tí wọ́n fi ń kọjá irà. Mo gbé ẹsẹ̀ kan lé e. Mo wá rí obìnrin kan lódìkejì tó ń sá aṣọ. Oyún ti yọ. Ó na bùbá kan sórí okùn, ó ń fi ọwọ́ tẹ́ ẹ dáadáa kó má baà hunjọ. Bùbá ọkọ mi ni. Èmi ni mo ra aṣọ yẹn tí mo sì gbé e fún télọ̀ lọ́dún Iléyá. Làmídì ti sọ fún mi pé ó sọnù níbi iṣẹ́.

Mi ò lè kọjá. Mo padà sẹ́yìn, mo jókòó sábẹ́ ọ̀pẹ kan títí oòrùn fi rọlẹ̀, kí Bàbá Dáúdà má baà mọ̀ pé mo tètè padà. Nígbà tí mo dé ilé ẹ̀, ó ń ṣe àlùwàlá.

"O dé ibẹ̀?"

"Mo dé ibẹ̀, Bàbá."

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní àwọn ti gbọ́."

Ó sì gbàdúrà fún mi. Mo rò ó nínú ara mi pé màá lọ ní ọ̀la. Nígbà tí ọ̀la dé, mo ní ó di ọ̀túnla. Òjò wá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, ará Orógbó kankan ò jáde wá sọ́jà lọ́sẹ̀ náà. Bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ Ẹtì fi dé.

Èrò pọ̀ ní ọgbà ilé ìwé. Ọ̀gá tí wọ́n rán wá láti ọ́fíìsì jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tó kàwé lókè òkun, sòkòtò ẹ̀ fẹ̀ lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n ó dọ̀bálẹ̀ kí àwọn àgbà. Ó tẹ́ àwòrán ńlá kan sórí tábìlì. Màmá arúgbó kan láti ọ̀nà Ìdímù dìde. Ó ní ibi tí wọ́n fa títì gbà yẹn, orí ìsun omi tí àwọn ń mu ni. Ọ̀gá náà bi í léèrè dáadáa, ó mú rọ́bà, ó pa ilà yẹn rẹ́, ó fà á gba ibòmíì lójú gbogbo wa. Mo fi ojú ara mi rí i. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ nìyẹn, kí ẹ má baà rò pé ìpàdé náà jẹ́ ìpàdé ẹnu lásán. Ẹni tó sọ̀rọ̀, wọ́n gbọ́ ọ.

Lẹ́yìn náà ó gbé ìka lé òdìkejì irà. Ó ní, "Àwọn ará ibí yìí ńkọ́? Ta ló wá látibẹ̀?"

Kò sí ẹni tó dáhùn. Bàbá Dáúdà wo ojú mi. Ẹ jọ̀ọ́, ibí yìí ni mo ti ṣẹ̀ jù. Mo ṣì lè sọ̀rọ̀. Mo lè ní, "Ẹ dákun, mi ò débẹ̀, ẹ fún wa ní ọ̀sẹ̀ kan." Orí mi ni mo mì, bí ẹni tó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Bàbá Dáúdà fi ọ̀pá dìde. Ó ní, "A ti dé ọ̀dọ̀ wọn, ọ̀gá. Wọ́n ti gbọ́."

Ọ̀gá náà ní, "Ó dáa. A jẹ́ pé wọ́n á fara mọ́ ohun tí a bá ṣe." Ó mú pẹ́ńsù pupa, ó kun gbogbo ibẹ̀. Ó ní ilé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ló máa wà níbẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́.

Kò pẹ́ púpọ̀ tí àwọn tó ń wọn ilẹ̀ fi dé Orógbó, tí wọ́n ń ri òpó kéékèèké mọ́ inú oko. Àwọn ará abúlé sáré lọ sí ọ́fíìsì. Wọ́n sọ fún wọn níbẹ̀ pé a pè yín, ẹ ò wá. Wọ́n bá já sí àgbàlá Bàbá Dáúdà, tọkùnrin tobìnrin. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná.

Bàbá Ọlọ́bì ò pariwo. Ó ní, "Dáúdà, èmi àtìwọ la jọ ké kéwú lọ́dọ̀ Áfà kan náà. Ta lo rán sí wa?"

Bàbá Dáúdà ní, "Èmi ni wọ́n ní kí n pè yín. Èmi ni kí ẹ bi."

"Ó dáa, ìwọ ni mò ń bi. Ìgbà wo lo wá?"

Àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé wọ́n ti rà á ni. Ẹnìkan tutọ́ sílẹ̀ níwájú ẹ̀.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó pè mí wọlé. Ó ní, "Ìyá Kúdí, ní orúkọ Ọlọ́run, ṣé o dé ibẹ̀?" Mo búra. Mo fi Ọlọ́run búra irọ́ níwájú àgbàlagbà. Ó wò mí, ó wá ní, "Tí mo bá dárúkọ ẹ, ilé ẹ á tú. Ọmọ wọn ni ìyàwó ọkọ ẹ. Máa lọ sílé." Títí di òní, mi ò mọ̀ bóyá ó gbà mí gbọ́. Mo rò pé kò gbà mí gbọ́.

Àsìkò tí tírélà sìmẹ́ńtì kún ojú títì ni katapílà wọ Orógbó. Ó wú àwọn igi obì tí bàbá bàbá wọn gbìn. Ó tẹ ìbojì mọ́lẹ̀. Àwáwù pọn ọmọ wá sí ilé wa lọ́jọ́ náà, ó di ẹrù sórí, ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Ìyáálé mi, mo mọ̀ pé inú yín ò dùn sí mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi níbi tí mo lè tẹ́ ẹní sí."

Mo fún un ní yàrá mi. Gbogbo àdúgbò yìn mí. Wọ́n ní obìnrin bíi tèmi ṣọ̀wọ́n. Ìyá Àwáwù kú nínú yàrá tí wọ́n háyà ní Shasha, kò sì tíì ṣàìsàn rí kó tó kúrò ní abúlé. Bàbá Ọlọ́bì wà ní Ìpájà báyìí, nínú yàrá kan ṣoṣo, ó máa ń jókòó kọ ojú sí ògiri.

Ilé òṣìṣẹ́ tí wọ́n sì ní àwọn máa kọ́, wọn ò kọ́ ọ. Wọ́n gbé òpó sìmẹ́ńtì mélòó kan dìde, wọ́n lọ. Ìgbẹ́ ti bò ó. Ẹ ṣáà wò ó, àwọn ará Orógbó ì bá tiẹ̀ máa gbé níbẹ̀ títí dòní.

Wọ́n gba agogo lọ́wọ́ Bàbá Dáúdà. Ní mọ́ṣáláṣí, àwọn kan ò fẹ́ fi èjìká kan èjìká ẹ̀ nínú sàfù, ìlà ìrun, mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kírun nílé. Mo máa ń gbé oúnjẹ lọ fún un, ó máa ń jẹ ẹ́, ó máa ń dúpẹ́. Kò bi mí ní nǹkan kan mọ́. Ọyẹ́ tó kọjá ló kú. Wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn ará Orógbó níbi gbogbo tí wọ́n fọ́n ká sí. Ẹnì kankan ò wá.

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ báyìí nìyí. Ràfíù, àbúrò Àwáwù, ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ní Ìdímù. Mọ́rùfá, àbíkẹ́yìn Bàbá Dáúdà, ń ránṣọ ní àdúgbò kan náà. Wọ́n fẹ́ fẹ́ra. Nígbà tí Bàbá Ọlọ́bì gbọ́, ó ní ọmọ òun kan ò ní fẹ́ ọmọ ẹni tó ta ìbojì ìyá òun. Ọjọ́ tí Àwáwù ń sọ ọ́ fún mi, àwa méjèèjì jọ ń ṣa ẹ̀wà ni. Ó ń sunkún. Ó ní, "Ìyá wa, ọmọ náà dára o. Ṣùgbọ́n báwo ni màá ṣe máa wo ojú ẹ̀ tí mi ò ní rántí màmá mi?"

Mò ń ṣa ẹ̀wà. Àwáwù yìí ni mò ń bá ṣe orogún láìjà. Nígbà tí mo ṣàìsàn tí mi ò lè dìde, òun ló ń fọ aṣọ tí mo sùn lé. Àwọn ọmọ ẹ̀ ò mọ̀ pé èmi kọ́ ni mo bí wọn.

Ní àná, ìyàwó Bàbá Dáúdà wá bá mi. Ọ̀pá ló fi ń rìn. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n bá àwọn dé Ìpájà lọ́jọ́ Àìkú, kí n bá àwọn bẹ Bàbá Ọlọ́bì. Ó ní èmi ni baba náà máa gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu, nítorí inúure tí mo ṣe fún ọmọ ẹ̀. Ó ní, "Ìwọ lo mọ irú ẹni tí ọkọ mi jẹ́." Mo ní màá lọ. Ẹnu mi ló sọ ọ́, mi ò mọ ìgbà tó jáde.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tó dàgbà jù mí lọ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bí mo bá jẹ́wọ́, Àwáwù á kó àwọn ọmọ lọ, ọkọ mi á lé mi, ìlú á sì mọ ohun tí mo jẹ́. Bí mi ò bá jẹ́wọ́, òkú ọlọ́kàn rere á máa jẹ́ orúkọ tí kì í ṣe tiẹ̀, ọmọ ẹ̀ á sì máa jìyà ẹ̀. Mo mọ èyí tó yẹ. Agbára ẹ̀ ni mi ò ní. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi mí ré.

Ní ọjọ́ Àìkú, bí mo bá kúnlẹ̀ níwájú baba yẹn nínú yàrá ẹ̀ ní Ìpájà, tó bá yí ojú kúrò lára ògiri tó sì wò mí, ẹ jọ̀ọ́, ta ni kí n ní kó dárí jì?