Èmi Ni Mo Fọ Aṣọ Náà

Ẹ gbé bébà yẹn kúrò níwájú mi ná, Àǹtí, torí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi lẹ jẹ́, mi ò fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ bí mo ṣe ń bá àwọn tó ń ná ọṣẹ mi ní ìnákúnàá sọ̀rọ̀. Mi ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Ẹ ní kí n tẹ ìka sí i pé mi ò bá ayàwòrán ṣẹjọ́ mọ́, pé ọ̀rọ̀ ti parí nínú ilé. Nínú ilé ta? Nínú ilé tèmi yìí, ọjọ́ kẹtàdínlógún nìyí tí ọmọ mi ò jẹun kánú.

Ṣebí iṣẹ́ ni mo rán an. Ọ̀sán gangan ni, aṣọ ilé ìwé ló wọ̀, pé kó lọ ya fọ́tò tí wọ́n máa lẹ̀ mọ́ fọ́ọ̀mù ìdánwò ẹ̀. Ọ̀dọ̀ ayàwòrán yẹn ni gbogbo wa ti ń yà á, òun ló ya àbúrò yín tó wà lára ògiri yẹn kó tó kú tó fi mí sílẹ̀. Ó ní kí ọmọ mi wá sí yàrá ẹ̀yìn wá tún kọ́là ọrùn aṣọ ẹ̀ ṣe. Ó tilẹ̀kùn, ó fipá bá a lò pọ̀. Mo ti pè é bó ṣe ń jẹ́ báyìí, torí ẹ̀yin ń pè é ní nǹkan tó ṣẹlẹ̀, bí ẹni pé òjò ló rọ̀. Ẹnì kan ló ṣe é. Ó ní ṣọ́ọ̀bù, ó sì ṣí i láàárọ̀ yìí.

Gbogbo ẹni tó wá kí wa, ọmọ mi ni wọ́n ń dá lẹ́jọ́. Ìyá tó ń ta òwú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ mi ní kí ló dé tí kò pariwo. Onílé ní ṣé kì í rẹ́rìn-ín sí i tẹ́lẹ̀ ni. Ó máa ń rẹ́rìn-ín sí i, èmi ni mo kọ́ ọ pé kó máa fọ̀yàyà kí àgbà. Ọ̀gá ilé ìwé ní kó kúkú jókòó sílé títí ariwo á fi lọlẹ̀, ìdánwò mìíràn ń bọ̀. Ta ló bi ayàwòrán pé kí ló ń tilẹ̀kùn fún? Ṣé ẹ̀yin bi í? Ẹ ò bi í.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń pa mí fún yín. Nígbà tó dé, kò sọ nǹkan kan, ó kàn dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo wò ó, mo ti mọ̀. Mo gbé omi kaná, mo wẹ̀ ẹ́ bí ìgbà tó wà lọ́mọ ọwọ́. Mo kó aṣọ ilé ìwé ẹ̀ àti àwọ̀tẹ́lẹ̀ ẹ̀, mo mú ọṣẹ tí mo fi ń yangàn fún oníbàárà pé kò sí àbàwọ́n tí kò ní bó, mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, mo sá a, mo tún fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ kejì ní àgọ́ ọlọ́pàá, obìnrin tó ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní aṣọ dà. Mo nà án sí i, ó mọ́ tónítóní, ó ń ta sánsán. Ó wò ó, ó gbé e sílẹ̀, ó ní, Màmá, ẹ̀rí lẹ fọ̀ dànù yìí. Ó ní dókítà ì bá rí nǹkan kan ká ní mi ò wẹ̀ ẹ́. Ogún ọdún tí mo ti ń ta ọṣẹ, ta ló sọ fún mi pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí mi ò gbọdọ̀ fọ aṣọ ọmọ mi?

Ẹ má sì rò pé mo sàn jù yín lọ. Nígbà tí ọmọ aránṣọ àdúgbò wa sọ irú ẹ̀ nípa àbúrò bàbá ẹ̀ lọ́jọ́sí, èmi náà wà lórí àpótí ní ìsọ̀, mo ní ọmọ tó ń rìn bí ẹni tí ò níyàá, kí ló tún ń wá. Àwa ọlọ́jà jọ fi ọ̀rọ̀ ẹ̀ rẹ́rìn-ín ni. Ọmọ mi wà níbẹ̀, ó ń to ọṣẹ sínú páálí. Ó gbọ́. Mo fi ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí yìí búra, ohun tó dì í lẹ́nu nígbà tó wọlé lọ́jọ́ yẹn nìyẹn.

Ẹ ní ayàwòrán ti gbà láti fẹ́ ẹ. Ẹ tún un sọ kí n gbọ́. Kí ọmọ mi máa gbé oúnjẹ fún un? Ọlọ́pàá ti ní kò jọ pé ẹjọ́ yìí á débì kankan, torí ọkùnrin náà ní irọ́ ni, aṣọ sì ti mọ́. Mo tẹ bébà yín o, mi ò tẹ̀ ẹ́ o, ó máa ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́la. Ṣé mi ò mọ̀ ni?

Ṣùgbọ́n tó bá dáa tó bí ẹ ṣe ń sọ ọ́ yẹn, ẹ má sọ ọ́ fún mi. Ọmọ mi wà nínú yàrá, ilẹ̀kùn ò tì, kì í jẹ́ kí n tì í mọ́. Ẹ wọlé lọ bá a, ẹ jókòó tì í, ẹ sọ fún un pé ẹ ti bá a parí ẹ̀. Ẹ dìde.

Mo ní kí ẹ dìde, Àǹtí. Kí lẹ wá ń fi ìborùn nujú fún? Ẹ ò lè ṣe é. Èmi náà ò lè wọlé. Láàárọ̀ yìí ló bi mí pé kí ló dé tí mo fi ń fi kànìnkànìn bó òun lára bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ṣé òun dọ̀tí ni. Mo ní mò ń bọ̀, mo jáde síbí. Ẹ bá mi wá ohun tí n máa sọ fún un.