Ọmọ Tí Àǹtí Rẹ̀mí Dá Dúró ní Kíláàsì Kẹta

Ọ̀rọ̀ tí èèyàn gbé mì kì í dà nínú. Ọdún mẹ́sàn-án ni Àǹtí Rẹ̀mí Adéníran fi gbé tirẹ̀ mì, tó ń ṣe bí ẹni pé kò sí nǹkan kan, títí di ọ̀sán Sátidé yìí tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé yàrá Sabina alágbàfọ̀ ní Abúlé Òkúta. Sabina ti sáré bu ìrẹsì, ó ti fi ẹran méjì lé e lórí, nítorí kì í ṣe ojoojúmọ́ ni tíṣà ń wá kí alágbàfọ̀ nílé. Tíṣà ò fọwọ́ kan abọ́. Ó ní, "Ìyá Wúrà, ẹ gbé oúnjẹ yẹn kúrò níwájú mi ná. Wúràolúwa, ìwọ náà jókòó. Òótọ́ kan wà lọ́rùn mi. Tí mi ò bá sọ ọ́ lónìí, mi ò mọ ojú tí mo máa fi fẹ̀yìn tì lóṣù tó ń bọ̀." Wúràolúwa, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Ṣómólú dé, jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Ìyá rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó rò pé tíṣà fẹ́ wá ọmọ òun níṣẹ́ gidi ni.

Rẹ̀mí ní kí wọ́n rántí bí oúnjẹ iléèwé àwọn ní Bàrígà ṣe rí nígbà náà. Ẹgbẹ́ aláàánú kan ló ń gbé e wá lọ́fẹ̀ẹ́, àmọ́ agbára wọn ò ju kíláàsì kìíní sí ìkẹta lọ. Tọ́mọ bá ti wọ kíláàsì kẹrin, ó tán nìyẹn, òórùn ẹ̀wà ni yóò máa gbọ́ lójú fèrèsé. Ó ní òun kọ́ ọmọ kan, Hikmat, tó máa ń dáhùn ìbéèrè kí òun tó bèèrè é tán. Nígbà tó wọ kíláàsì kẹrin, ebi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e sùn lórí tábìlì kí aago mọ́kànlá tó lù. Òun wá wo Wúràolúwa, ọmọ ọdún mẹ́jọ, tó máa ń fìka nu abọ́ títí abọ́ yóò fi dán, òun sì sọ lọ́kàn ara òun pé eléyìí ò ní rí bẹ́ẹ̀. Ìdánwò ìparí ọdún dé. Òun mú bírò pupa, òun yí máàkì ọmọ náà padà, òun kọ ọ́ síwèé pé ó fìdí rẹmi. Ó tún kíláàsì kẹta kà, ó sì tún jẹun fún odidi ọdún kan. Ẹ ẹ̀ rí i bí irọ́ ṣe mọ aṣọ àánú wọ̀!

Ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu Sabina. "Àǹtí, ọ̀rọ̀ yín ò yé mi. Ṣé ẹ ní ọmọ mi ò féèlì?"

"Kò féèlì."

"Nígbà tí mo nà án ńkọ́?"

"Kò féèlì, Ìyá Wúrà. Èmi ni mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Sabina wo ọmọ rẹ̀, ọmọ ń wo ilẹ̀. Obìnrin náà kì í ṣe ẹni tó kàwé, àmọ́ ẹ má rò pé orí rẹ̀ ò pé. Ó ní, "Ó dáa. Ebi lẹ tìtorí ẹ̀ ṣe é, mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ògiri kan péré ló wà láàárín kíláàsì tiyín àti kíláàsì kẹrin. Kí ló dé tẹ́ ẹ ò máa pè é wá, kẹ́ ẹ bù fún un nínú tiyín?"

Ìbéèrè tí Rẹ̀mí ti ń sá fún láti ọdún mẹ́sàn-án nìyẹn, alágbàfọ̀ ló sì gbé e kò ó lójú. Ó ní òun lè ṣe é. Oúnjẹ àwọn tíṣà máa ń ṣẹ́ kù. Òun lè ṣe é, òun ò ṣe é ni. Ó ní láti ìgbà tí ọkọ òun ti kú, tí Ọlọ́run ò sì fọmọ sílẹ̀ fún àwọn, tí òun bá ti wọ yàrá òun ní Ọbaníkòró lọ́jọ́ Jímọ̀ọ́, òun ò tún ní gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe orúkọ òun títí di ọjọ́ Ajé. Rédíò ló ń bá òun jẹun. Àmọ́ níléèwé, tí Falilat alásè bá ti pín oúnjẹ tán, gbogbo ọmọ yóò sáré jáde lọ ṣeré, Wúrà nìkan ni yóò gbé abọ́ tirẹ̀ wá sórí tábìlì òun. Yóò máa jẹun, yóò máa ròyìn: ewúrẹ́ tó jẹ aṣọ oníbàárà, akẹ́kọ̀ọ́ Akọ́kà tó gbàgbé lẹ́tà ìfẹ́ sápò ṣòkòtò, ìjà àwọn aráalé lẹ́nu ẹ̀rọ omi. Tó bá jẹun tán yóò ní, "Àǹtí, ṣé ẹ ti yó?" Kò tún sí ẹlòmíì láyé tó ń bi òun bóyá òun yó. Ó ní, "Tó bá kúrò ní kíláàsì mi, ta ló máa wá jókòó tì mí? Mi ò fẹ́ kó lọ ni. Ìdí ẹ̀ nìyẹn. Ebi ni mo fi bojú."

Ì bá ṣe pé ó parí síbẹ̀, à bá ní ìdánìkanwà ló ba obìnrin yìí lórí jẹ́. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kejì! Ó ní Falilat gan-an fura lọ́dún náà, ó ní, "Àǹtí, ọmọ yìí ò tíì kúrò lọ́dọ̀ yín? Ó ti ń ga ju àwọn tó kù lọ o." Òun fi ẹ̀rín bò ó. Ọ̀gá Ògúnmọ́lá, olórí iléèwé, bèèrè pé kí ló ṣe ọmọ tó ń ṣáájú kíláàsì ní sáà kìíní. Òun ní ọpọlọ rẹ̀ kì í dúró lójú kan. Ọ̀gá gbà, ó buwọ́ lùwé. Lọ́jọ́ tí wọ́n pín èsì, Sabina sáré ti Akọ́kà dé, ọṣẹ ò tíì kúrò lápá rẹ̀. Ọmọ ń ké, "Mo kọ ọ́, màmá. Gbogbo ẹ̀ ni mo kọ. Àǹtí, ẹ fi ìwé ìdánwò mi hàn wọ́n." Ìwé náà wà nínú dúrọ́ọ̀ níwájú òun gan-an, òun sì gbé ìgbọ̀nwọ́ tì í. Òun wo ọmọ náà lójú kòrókòró, òun sọ fún un pé, "Wúrà, má da ara ẹ láàmú. Bí Ọlọ́run ṣe dá ọpọlọ tìẹ nìyẹn." Láti géètì iléèwé ni ìyá rẹ̀ ti ń nà án dé ilé. Nígbà tí iléèwé wọlé padà, àwọn ọmọ ọdún méje ń pè é ní Ìyá Kíláàsì. Kò gbé abọ́ wá sórí tábìlì òun mọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló lò, ó fi iléèwé sílẹ̀, kò tún padà wá. Òun tún wá ń dá jẹun, bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Ó ní òun ì bá gbé e wọ sàréè, ká ní lẹ́tà kan ò dé lóṣù yìí pé láti sáà tó ń bọ̀, gbogbo kíláàsì ni yóò máa jẹun, látorí kìíní dé ìkẹfà. Àwọn tíṣà pàtẹ́wọ́. Ọwọ́ òun ò gbé. Ọ̀gá ní kí òun lọ gba káàdì oúnjẹ ní Ṣómólú, nílé ìtẹ̀wé Ràmọ́nù, àfi bí òun ṣe rí Wúràolúwa tó ń ka káàdì sílẹ̀, ẹgbẹ̀ta lé díẹ̀, kò ṣì ẹyọ kan. Ràmọ́nù pariwo lẹ́yìn ẹ̀rọ, "Olódo, kà á dáadáa o!" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, ọmọ náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ló bá kúnlẹ̀ kí òun. Ó ní, "Àǹtí, ó mà dáa o, gbogbo wọn ló máa jẹun báyìí. Ẹ ṣeun ìgbà yẹn, mà. Bí mo ṣe jẹ́ olódo tó, ẹ ò lé mi." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ òun! Òun ò mọ bí òun ṣe délé.

Bí Rẹ̀mí ṣe sọ èyí tán, ó kúnlẹ̀ tòun torúnkún tó ń dùn ún. "Mo ṣẹ̀ yín. Mo dínà mọ́ ọmọ yìí. Kí tíṣà kankan má fi ọmọ ọlọ́mọ dí àlàfo ilé ara ẹ̀ láé. Wúrà, ẹ forí jì mí, ìwọ àti ìyá ẹ."

Wúràolúwa gbójú sókè. Ó ní, "Eélòó ni mo gbà?"

"Nínú kí ni?"

"Ìṣirò. Lọ́dún àkọ́kọ́."

"Mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún."

"Ọdún kejì ńkọ́?"

"Ọgọ́rùn-ún. O ò ṣì kankan. Ìwọ lo ṣe ipò kìíní, lẹ́ẹ̀mejèèjì."

"Ọgọ́rùn-ún," ni Wúrà wí, jẹ́jẹ́.

Sabina bọ́ sílẹ̀ lórí àpótí. Ó kọjá lára tíṣà bí ẹni tí kò rí i, ó di ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ mú. "O sọ fún mi, Wúrà. O ń sunkún, o ń sọ fún mi pé o kọ ọ́, mo ń nà ẹ́. Dákun, ọmọ mi, dárí jì mí."

"Màmá, ẹ dìde. Ẹ ò mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde." Ó fà á dìde, àwọn méjèèjì dì mọ́ra wọn lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń sunkún. Àǹtí Rẹ̀mí ṣì kúnlẹ̀ síbẹ̀, ó ń wò wọ́n, ó ń retí. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé kó dìde.